Olùkọ́ báyọ́lọ́jì ni mí l'Ógbómọ̀ṣọ́, wọ́n ní kí n wá kọ́ medical coding. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àǹtí_Báyọ́
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin tèmi. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí. Báyọ́lọ́jì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ SS nílé ìwé aládàáni kan níhìn-ín. Mo ti lé lógójì ọdún, ọmọ ń bẹ nílé, owó oṣù olùkọ́ aládàáni sì nìyẹn, gbogbo wa la mọ bó ṣe rí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ẹnì kan gbé ìpolówó kan sí WhatsApp àwa olùkọ́: ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ péré lẹ máa fi kọ́ medical coding, lẹ́yìn náà ẹ óò máa jókòó sílé gba dọ́là lọ́wọ́ àwọn ọsibítù Amẹ́ríkà. ₦180,000 ni, àmọ́ ẹni tó bá tètè san á gbà á ní ₦120,000.

Èmi ni mo fẹ́ kó àjọ lóṣù tó ń bọ̀. Baálé mi ní kí n fi ra fìríìsà kí n máa ta ẹja áísì lẹ́nu ọ̀nà. Kò bínú sí ẹ̀kọ́ o, ó kàn ní òun kò tíì rí ẹnì kan tó gba dọ́là nídìí ẹ̀. Ṣé iṣẹ́ gidi ni? Ṣé ẹni tí kì í ṣe nọ́ọ̀sì lè ṣe é? Ṣé wọ́n ṣì ń gba ẹni tó ti dàgbà tó mi? Ẹni tó mọ̀ ọ́n ni kó dá mi lóhùn, ẹ jọ̀wọ́.

Bọ̀dá_Rándà
Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kẹ̀! Ọmọ tó ń kọ́ télọ̀ ní Sábó, ọdún mẹ́ta ló ń lò kó tó gba fúrídọ́ọ̀mù. Ẹ ra fìríìsà, ìyàwó wa.

Ìyá_Ìbejì
Bọ̀dá Rándà, iná wo ló fẹ́ gbé fìríìsà yẹn? Ẹ jẹ́ kí àwọn tó mọ̀ sọ̀rọ̀ ná.

Akọ̀wé_Káàdì
Ẹ kú ìjókòó o. Ìdí káàdì ni mo wà ní ọsibítù kan láàrin ìlú yìí, irú iṣẹ́ yìí ni mo sì ń ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ti Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ gidi ni, mà. Tí aláìsàn bá ti lọ sílé, fáìlì ẹ̀ á padà sọ́dọ̀ wa. A óò ka ohun tí dókítà kọ láti ojú ewé àkọ́kọ́ títí dé ibi tí wọ́n ti ní kó máa lọ, a óò wá àìsàn tó gbé e wá àti èyí tó bá a lẹ́nu ìtọ́jú, a óò sì fi kóòdù inú ICD-10, ìwé kóòdù àìsàn tí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ṣe, sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibà tí wọ́n rí kòkòrò falciparum nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, tí kò mú wàhálà míì wá, B50.9 ni. Ibà tí ẹnikẹ́ni kò yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún, tí dókítà kàn kọ "malaria" síbẹ̀, B54 ni. Ìtọ̀ ṣúgà oríṣi kejì tí kò tíì ba nǹkan kan jẹ́ lára, E11.9. Inú kóòdù wọ̀nyí ni ìjọba ti ń mọ ohun tó ń pa èèyàn, òun náà ni WHO sì fi ń wo orílẹ̀-èdè kan mọ́ òmíràn.

Kóòdù kọ́ ló le níbẹ̀, ìwé wà tí a ti ń wò ó. Ọwọ́ dókítà ló le. Ẹ óò rí "HTN", ìyẹn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ óò rí "RVD", ẹ óò rí ìlà kan tí ẹni tó kọ ọ́ gan-an kò ní lè kà lọ́la. Ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé RVD ni wọ́n ń kọ dípò HIV, kí ojú ẹni tó ń gbé fáìlì kiri má bàa tètè já a. Ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ dìde lọ bá dókítà ní wọ́ọ̀dù: "Ọ̀gá, kí lẹ kọ síbí?" Àwọn kan á pariwo mọ́ yín. Ẹ dúró níbẹ̀ títí wọ́n á fi sọ ọ́. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù dókítà, tó wá ń fi àbá kọ kóòdù, ìdí káàdì ló ń bà jẹ́.

Ní ti pé ẹ kì í ṣe nọ́ọ̀sì, ìyẹn kò dí nǹkan kan. Olùkọ́ báyọ́lọ́jì ti jìnnà lójú ọ̀nà. Ẹ mọ ibi tí ẹ̀dọ̀ wà, ẹ mọ iṣẹ́ tí kíndìnrín ń ṣe, "nephro" àti "hepato" kò ní dẹ́rù bà yín.

Àmọ́ o, ìwé ẹ̀rí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kò lè gbé yín wọ ìdí káàdì ọsibítù ìjọba. HRORBN, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwa òṣìṣẹ́ káàdì sílẹ̀, òfin ọdún 1989 ló gbé e dìde, ẹni tó bá kàwé jáde nílé ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí nìkan ni wọ́n sì ń gbà. Ọ̀kan wà ní UCH n'Íbàdàn. Ọdún ni wọ́n fi ń kà á.

Àǹtí_Báyọ́
Ẹ ṣé gan-an, sà. Ṣé HRORBN yìí kan ti Amẹ́ríkà tí wọ́n ń polówó?

Akọ̀wé_Káàdì
Kò kàn án rárá. Ẹgbẹ́ tiwọn lọ́tọ̀, ìwé tiwọn lọ́tọ̀. Ará Dallas wà nínú ilé yìí, iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká dúró dè é.

Ìyá_Ìbejì
Kó tó dé: àbúrò ọkọ mi san irú owó yìí lọ́dún tó kọjá. Fídíò YouTube tí ẹnikẹ́ni lè wò lọ́fẹ̀ẹ́ ni wọ́n ń dà sí Telegram fún wọn láràárọ̀. Nígbà tó parí, wọ́n fún un ní sàtífíkéètì tí wọ́n fi góòlù kùn létí, kò sí ọsibítù kan tó mọ ẹni tó fún un. Ó ní iṣẹ́ dọ́là wá dà? Wọ́n ní ó ku kíláàsì "advanced", ₦95,000.

Ará_Dallas
Ẹ kú iṣẹ́, gbogbo ilé. Ẹnu iṣẹ́ ni mo wà látàárọ̀. Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, kì í ṣe láti kó ìrẹ̀wẹ̀sì bá yín. Báǹkì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó kí n tó dé ibí, ó sì ti lé lógójì ọdún tí wọ́n bí mi kí n tó ṣí ìwé kóòdù àkọ́kọ́. Ẹ yọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí kúrò níbẹ̀.

Ìwé mẹ́ta là ń lò. ICD-10-CM fún àìsàn, CPT fún ohun tí dókítà ṣe, HCPCS fún abẹ́rẹ́, kẹ̀kẹ́ arọ, ọ̀pá ìtilẹ̀ àti irú wọn. American Medical Association ló ni CPT, títà ni wọ́n ń tà á. Kóòdù inú ICD-10-CM ju 70,000 lọ. ICD-10 ti WHO tí Akọ̀wé Káàdì ń lò, bíi 14,000 ni. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń tún wọn ṣe: ọjọ́ 1 oṣù October fún ICD-10-CM, ọjọ́ 1 oṣù January fún CPT. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun fẹ́ ta ìwé "bíi tuntun" fún yín, ọdún tó wà lára èèpo ẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò.

Ìwé ẹ̀rí tí àwọn agbanisíṣẹ́ máa ń bi wá ni CPC ti AAPC, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ kóòdù. AHIMA, ẹgbẹ́ míì, náà ní ìwé ẹ̀rí tiwọn, CCA àti CCS. Ìdánwò CPC jẹ́ ìbéèrè 100 fún wákàtí 4, ìwé kóòdù yín wà níwájú yín, ẹni tó bá gba 70 ló yege. Ẹ má jẹ́ kí ti ìwé yẹn tàn yín jẹ. Ẹ pín wákàtí 4 sí ọ̀nà 100, kò tó ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ fún ìbéèrè kan, ìbéèrè míì sì wà tó jẹ́ odidi ojú ewé kan nípa iṣẹ́ abẹ. Ẹni tó ń ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí ìwé kiri níbẹ̀ kò ní parí. Owó ìdánwò nìkan ju 300 dọ́là lọ. Owó ọmọ ẹgbẹ́ ń bẹ lọ́tọ̀, owó ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń bẹ lọ́tọ̀. Ẹ bi àwọn ọlọ́sẹ̀ mẹ́jọ yẹn bóyá owó ìdánwò wà nínú ₦120,000. Kò lè sí níbẹ̀. Owó olùkọ́ nìyẹn, kì í ṣe owó iṣẹ́.

Ká wá ní ẹ yege. CPC-A ni wọ́n á kọ́kọ́ fún yín, ìyẹn ni pé ẹ ṣì jẹ́ ọmọṣẹ́, ó dìgbà tẹ́ ẹ bá ní ìrírí kí wọ́n tó yọ A kúrò. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Nínú Amẹ́ríkà níbí, àwọn tó ní CPC-A ń wáṣẹ́ títí ó fi ń sú wọn, torí pé ẹni tó ti ṣe é rí ni gbogbo ilé iṣẹ́ ń béèrè. Kì í ṣe ìdánwò ló ń dá èèyàn dúró nídìí iṣẹ́ yìí, iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni.

Ti ẹni tó bá wà l'Ógbómọ̀ṣọ́ tún wá le jù bẹ́ẹ̀. HIPAA, òfin ọdún 1996, ló ń ṣọ́ àṣírí aláìsàn níbí. Kò ní kí iṣẹ́ má kọjá òkun, ìdí nìyẹn tí India àti Philippines fi ń ṣe é rẹpẹtẹ. Àmọ́ àwọn ìpínlẹ̀ kan kò jẹ́ kí iṣẹ́ Medicaid wọn, ìyẹn ètò ìlera ìjọba fún àwọn tí owó wọn kò tó, jáde nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ọsibítù náà sì ti kọ ọ́ sínú àdéhùn pé tiwọn kò gbọdọ̀ jáde. Èyí tó ń lọ sí India, ilé iṣẹ́ ńlá ló ń gbà á, wọ́n á kó òṣìṣẹ́ jọ sínú gbọ̀ngàn tí wọ́n ń ṣọ́. Ẹni tó bá ní ọsibítù kan máa fi fáìlì aláìsàn ránṣẹ́ sí ẹnì kan ṣoṣo lórí láàpútọ́ọ̀pù ẹ̀ ní Tákié, kó dárúkọ ọsibítù náà fún wa níbí.

Mi ò ní kẹ́ ẹ má kọ́ ọ o. Mo ní kẹ́ ẹ má tíì fọwọ́ kan àjọ. Ìlànà tí gbogbo wa ń tẹ̀ lé, ICD-10-CM Official Guidelines, ọ̀fẹ́ ni lórí wẹ́búsáìtì CMS àti ti CDC, àwọn àjọ ìlera ìjọba Amẹ́ríkà, ojú ewé ẹ̀ ju 100 lọ. WHO náà ní ẹ̀kọ́ ICD-10 lọ́fẹ̀ẹ́, ICD-11 tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 2022 sì wà níta gbangba fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó. Ẹ wa àwọn wọ̀nyí jáde, kẹ́ ẹ fi oṣù kan kà á lálaalẹ́ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti máàkì ìwé ọmọ tán. Ẹlòmíì á ka ojú ewé mẹ́wàá, oorun á gbé e lọ. Ẹlòmíì kò ní fẹ́ sùn. Kò sí olùkọ́ tó lè bá yín mọ èyí tẹ́ ẹ jẹ́.

Ará_Leeds
Kí n fi ti ibí kún un, torí mo mọ̀ pé àwọn kan ń fọkàn sí ìlú òyìnbó. NHS, ètò ọsibítù ìjọba níbí, kò lo CPT, kò sì bèèrè CPC. ICD-10 ti WHO ni, pẹ̀lú OPCS-4 fún iṣẹ́ abẹ, ìdánwò wọn sì ń jẹ́ NCCQ. Ọsibítù ló máa ń gba ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, tí wọ́n á sì kọ́ ọ lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tẹ́ ẹ ń lọ kẹ́ ẹ tó ra ìwé.

Bọ̀dá_Rándà
Ẹja áísì kò ní HIPAA.

Klémù_Lọ́wọ́_Mi
Bọ̀dá yìí á pa wá lẹ́rìn-ín. Àǹtí, ọ̀nà kan wà tí wọn kò tíì mẹ́nu kàn, ó sì sún mọ́ yín ju Dallas lọ. Tábìlì HMO, ìyẹn àwọn ilé iṣẹ́ ìṣedúró ìlera, ni mo wà ní ọsibítù aládàáni kan. Òfin NHIA, àjọ ìṣedúró ìlera ìjọba àpapọ̀, ti ọdún 2022 sọ ìṣedúró ìlera di dandan fún gbogbo ẹni tó ń gbé Nàìjíríà, ìpínlẹ̀ wa náà ní àjọ tirẹ̀, OYSHIA. Gbogbo wa mọ̀ pé dandan orí ìwé ni títí di báyìí, àmọ́ àwọn tó ń mú káàdì HMO wọlé ń pọ̀ sí i, ọ̀pọ̀ ọsibítù kéékèèké kò sì ní ẹni tó lè gba owó wọn jáde.

Bó ṣe ń lọ nìyí. Fún ìtọ́jú kékeré, HMO ń san iye kan fún ọsibítù lóṣooṣù lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó forúkọ sílẹ̀, bóyá aláìsàn wá o, bóyá kò wá o. Èyí tó bá ju ìyẹn lọ, bí iṣẹ́ abẹ, ẹ gbọ́dọ̀ gba kóòdù àṣẹ lọ́wọ́ HMO kí dókítà tó fọwọ́ kàn án, kẹ́ ẹ tó wá kọ klémù, ìwé tí ọsibítù fi ń béèrè owó, ránṣẹ́ nígbà tó bá yá. Òògùn, aláìsàn tó wà lábẹ́ ètò ìjọba àpapọ̀ máa san ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ kò gbọdọ̀ kọ ìyẹn mọ́ HMO lọ́rùn. Kóòdù àṣẹ tí wọ́n kọ nọ́ńbà kan rẹ̀ sódì, wọ́n á dá klémù padà. Òògùn tí kò bá orúkọ àìsàn mu, wọ́n á dá a padà. Mo ti rí iṣẹ́ abẹ apẹ́ńdíìsì tí HMO kọ̀ láti san, torí pé ní ojú ìlà tí wọ́n ń kọ àìsàn sí, "malaria" tí dókítà kọ lọ́jọ́ tí ọmọ náà kọ́kọ́ dé ló ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n ti la ikùn ọmọ, wọ́n ti rán an, ó ti lọ sílé, ìwé ṣì ń pariwo ibà. Èmi ni mo padà wá ìwé tíátà, tí mo kọ lẹ́tà, tí owó fi jáde.

Owó náírà ni, kò pọ̀, ó sì lè má ju ti olùkọ́ lọ níbẹ̀rẹ̀. Mi ò fẹ́ purọ́ fún yín. Àmọ́ ẹ lè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ láti ọjọ́ Sátidé àti àkókò ìsinmi ọmọ ilé ìwé. Ẹ lọ bá ọsibítù tí ẹ̀yin náà ti ń gbàtọ́jú, kẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ bá wọn to klémù lópin oṣù. Ìgbà yẹn ni wàhálà máa ń pọ̀ jù, wọn kò ní lé yín.

Ará_Dallas
Ẹ jẹ́ kí n tẹ ìlà méjì sábẹ́ èyí. Ẹni tó ti bá HMO jà lórí klémù, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ máa ń yàtọ̀ nígbà tí wọ́n bá pè é wá sọ̀rọ̀ fún iṣẹ́, ì báà jẹ́ ti Èkó, ì báà jẹ́ ti òkèèrè. CPC tí kò ní irú ìrírí yẹn lẹ́yìn, ìwé lásán ni lójú wọn.

Ọ̀dọ́_UnderG
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ṣé AI kò ti gba iṣẹ́ yìí báyìí? Èmi náà ń rò ó, àmọ́ mi ò fẹ́ kọ́ ohun tí ẹ̀rọ máa ṣe lọ́dún méjì sí i. Ní ti iná, mà, ẹ má jẹ́ kó dí yín lọ́wọ́. Àwọn ibi tí wọ́n ti ń gba owó wákàtí fún sólà àti íntánẹ́ẹ̀tì ti wà lọ́nà LAUTECH. Kíkà kò nílò iná púpọ̀. Ọjọ́ ìdánwò ló nílò ẹ̀, torí tẹ́ ẹ bá ti ilé ṣe é, ẹnì kan á máa ṣọ́ yín lójú kámẹ́rà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ará_Dallas
Àbúrò, ẹ̀rọ ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí tipẹ́. X-ray àyà tí kò díjú, ẹ̀rọ á kọ kóòdù ẹ̀, èèyàn lè má fojú kàn án. Èyí tó ṣẹ́ kù fún wa ni fáìlì tó díjú, àti kí á máa yẹ iṣẹ́ ẹ̀rọ wò. Ó dáa fún èmi tí mo ti wà níbẹ̀. Kò dáa fún ẹni tó ń bọ̀, torí pé àwọn tó rọrùn yẹn la fi ń kọ́ ọmọṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Bó ṣe rí nìyẹn.

Àǹtí_Báyọ́
Ọlọ́run á san án fún gbogbo yín. Baálé mi ti kà á láti òkè délẹ̀, ó ní ṣebí òun sọ bẹ́ẹ̀, mo ní ẹ̀yin kò sọ bẹ́ẹ̀. Mi ò ní san ₦120,000 yẹn. Ìlànà ọ̀fẹ́ yẹn ni mo ń wà jáde lọ́wọ́ báyìí. Ará Dallas, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ìbéèrè kan tí màá fi dán ara mi wò.

Ará_Dallas
Ó yá. Ọkùnrin kan rìn wá sí kíníìkì, wọn kò dá a dúró. Dókítà kọ: "Cough and fever x 3 days. ?Pneumonia. Chest X-ray requested." Kóòdù wo ni? Ìlànà Amẹ́ríkà ni kẹ́ ẹ fi dáhùn.

Bọ̀dá_Rándà
J18.9, ti pneumonia, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró. Google ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé iṣẹ́ dọ́là wá.

Ọ̀dọ́_UnderG
J18.9 lèmi náà rí.

Àǹtí_Báyọ́
Ẹ kú àárọ̀ o. Mo kà á wọnú òru. Ní Section IV, níbi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ aláìsàn tí kò sùn sí ọsibítù, wọ́n ní ohun tí dókítà bá ń fura sí lásán, ẹ má kọ kóòdù ẹ̀. Ohun tó ń ṣe aláìsàn gan-an ni kẹ́ ẹ kọ. Àmì ìbéèrè wà níwájú pneumonia. Nítorí náà, R05 fún ikọ́, R50.9 fún ara gbígbóná.

Ará_Dallas
Háà, Àǹtí! Ẹ ti rí i. Ó ku bíńtín: láti October 2021 ni wọ́n ti pín R05 sí wẹ́wẹ́ lọ́dọ̀ wa. R05.9 ni. Ọjọ́ mẹ́ta lè mú kí ọkàn yín lọ sí R05.1, ìyẹn acute, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àmọ́ dókítà kò kọ acute síbẹ̀, àwa kò sì gbọdọ̀ bá a kọ ọ́.

Akọ̀wé_Káàdì
Nínú ìwé tiwa R05 dá dúró láìní nǹkan lẹ́yìn, nítorí náà ẹ gbà á lọ́dọ̀ mi. Àmọ́ ká ní wọ́n dá ọkùnrin yẹn dúró sí wọ́ọ̀dù, tó wá lọ sílé tí "?pneumonia" ṣì wà lójú ìwé, tí kò sí àlàyé míì, bíi pé ó ní pneumonia gan-an la ó ṣe kọ ọ́.

Bọ̀dá_Rándà
Ikọ́ kan ṣoṣo yìí!

Ará_Dallas
Ìkejì. Obìnrin ẹni ọgọ́ta ọdún, kíníìkì náà ni. "Hypertension. CKD stage 3." Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àìsàn kíndìnrín ọlọ́jọ́ pípẹ́ nìyẹn. Dókítà kò sọ pé ọ̀kan ló fa èkejì. Kóòdù méjì ni mo fẹ́, I10, kóòdù ẹ̀jẹ̀ ríru lásán, kò sì sí nínú wọn. Bọ̀dá Rándà, ẹ má lọ sí Google.

Àǹtí_Báyọ́
Ẹ fún mi títí di alẹ́. SS2 ń dúró dè mí.